Ìdí Tí Alágẹmọ Fi Ń Na Ọwọ́ Lẹ́ẹ̀mejì Kó Tó Gbé E Lélẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹyẹ àti ẹranko ṣì ń wọ aṣọ, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó ti Alágẹmọ ní gbogbo ìlú wọn.

Mo ti mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ti rí Alágẹmọ lórí ẹ̀ka igi. Ẹ ti rí i bó ṣe ń rìn bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Ẹ rọra o. Èmi ò sọ pé bó ṣe rí lónìí nìyẹn. Nígbà láéláé ni mo wí. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó dìde lọ bá wọn ṣa ẹ̀wà.

Alágẹmọ ìgbà náà ń sáré ni. Á sáré lọ sódò, á sáré bọ̀. Tó bá na ọwọ́ sí nǹkan, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti mú un. Iṣẹ́ aró ló ń ṣe, òun ló sì ń bá gbogbo ìlú pa aṣọ láró. Àgbàlá rẹ̀ wà létí odò, lábẹ́ igi ìyeyè ńlá kan. Ibẹ̀ ni ìkòkò aró rẹ̀ wà, tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn.

Ìkòkò yẹn kì í ṣe ìkòkò lásán. Ìyá Alágẹmọ ló dá a sílẹ̀. Òun ló gún ewé elú àkọ́kọ́ sínú rẹ̀, òun ló da omi eérú sí i, láti ọjọ́ náà aró inú rẹ̀ kò kú rí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ pé aró máa ń kú. Ó ń kú o! Aró tó wà láàyè ń hó, ó ń rùn, ìfóòfó sì máa ń wà lójú rẹ̀. Tí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò rò ó títí ìjọ́ mẹ́sàn-án fi pé, ó parí nìyẹn. Omi dúdú lásán ló kù. Kò ní mú aṣọ mọ́, bó o bá ki aṣọ bọ̀ ọ́ títí di ọ̀la.

Nígbà tí ìyá Alágẹmọ fẹ́ lọ, ohun kan ṣoṣo ló sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, má jẹ́ kí aró yìí kú."

Alágẹmọ fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Ó fi sọ́kàn débi pé ó bu tirẹ̀ kún un. Ó ní láyé òun, ọwọ́ ẹlòmíràn ò ní kan ìkòkò náà. Òun nìkan ni yóò máa rò ó, òun nìkan ni yóò máa ki aṣọ bọ̀ ọ́, òun nìkan ni yóò máa fún un. Ṣé ẹ gbọ́ ọ kí ìyá rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀? Èmi náà ò gbọ́ ọ. Òun ló sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Iṣẹ́ aró kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n á ki aṣọ bọ aró, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á fún un, wọ́n á sá a. Tó bá gbẹ, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́. Aṣọ tí wọ́n bá kì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ kò ju ti ojú ọ̀run àárọ̀ lọ. Èyí tó bá máa dú dáadáa, á wọ ìkòkò tó ìgbà mẹ́wàá. Ìgbà mẹ́wàá náà ni wọ́n á sì fún un.

Ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni Alágẹmọ ń gbà fún aṣọ. Á na apá ọ̀tún gbọọrọ, á di aṣọ mú gírígírí, á wá lọ́ ọ, á lọ́ ọ, á lọ́ ọ títí omi ìkẹyìn á fi kán. Apá ọ̀tún yẹn náà ni, láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀.

Ní ọjọ́ kan, Agbe wá sí àgbàlá. Ẹyẹ ni Agbe, ìyẹ́ ara rẹ̀ sì funfun báláú nígbà náà. Ìyàwó ọ̀nà ni. Ẹrù aṣọ ńlá kan wà lórí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Aláró."

"Ọ̀ọ̀. Àṣé ìyàwó wa ni! Kí lo rù bí ẹni ń kó kúrò nílùú yìí?"

"Aṣọ ìgbéyàwó mi ni, ma. Kíjìpá ogún. Mo fẹ́ kó dú, kó dú débi pé ẹni tó bá rí mi lókèèrè á rò pé òjò ló ṣú."

"Ìgbà wo ni ìgbéyàwó?"

"Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Alágẹmọ wo ẹrù náà. Ogún aṣọ, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Iṣẹ́ oṣù méjì ni. Agbe rí ojú rẹ̀, ó sì tètè fi kún un pé, "Tí ẹ bá gbà fún mi, mo lè máa wá bá yín fún un lójoojúmọ́."

Ni Alágẹmọ bá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni? Kí ìwọ wá fọwọ́ kan aró ìyá mi? Gbé e sílẹ̀ jàre, kó o máa lọ kun àtíkè rẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ki aṣọ bọ̀ ọ́, ó fún un, ó sá a. Ó kì í bọ̀ ọ́, ó fún un, ó sá a. Kò sinmi. Kódà tó bá fẹ́ jẹun, ọwọ́ òsì ló fi ń bu òkèlè, kí ọ̀tún lè máa fún aṣọ lọ. Ẹ wo ìwà ọ̀bùn!

Ní ọjọ́ karùn-ún, nǹkan kan ta á ní ìgúnpá. Kì í ṣe inú kọ́lọ́fín ibi tí apá ti ń ká. Ìta ni, lórí egungun kékeré tó yọ gọngọ yẹn. Ẹ fọwọ́ kan tiyín. Ẹ rí i? Ibẹ̀ gan-an ni.

Alágẹmọ gbọn ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ, tó bá jí láàárọ̀, apá náà ti gan. Tó bá di nǹkan mú, á dà bí ìgbà tí iná bá sáré láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Kò lè ṣí ọmọrí ìkòkò láìkọ́kọ́ ké "yéè".

Ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń wò ó látòkè. Aládùúgbò rẹ̀ ni, orí igi ìyeyè yẹn náà ló ń gbé. Kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ò ní dá sí.

"Alágẹmọ, kí ló ń ṣe ọ́ tó ò ń ké bí ọmọ ọwọ́?"

"Ìgúnpá mi ni, ọ̀rẹ́ mi."

"Iṣẹ́ ló fà á, àbí? Iṣẹ́ náà ló máa lé e lọ. Fi okùn dì í kó le, kó o sì túbọ̀ fún un! Ṣé o ò gbọ́ pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́?"

Alágẹmọ gbà á gbọ́. Ó fi okùn di ìgúnpá náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú. Ó sì túbọ̀ ń fún aṣọ. Mélòó ló ti parí nígbà yẹn? Mẹ́sàn-án péré. Mọ́kànlá ṣì wà nílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, lẹ́yìn tó ti ro aró rẹ̀ tán, ó jókòó láti mu ẹ̀kọ. Igbá ẹ̀kọ lásán ni o, kò tilẹ̀ kún. Ó na ọwọ́, ó mú un, ó gbé e dé ìdajì. Ni ọwọ́ bá kọ̀. Igbá bọ́, ó fọ́ sí méjì, ẹ̀kọ sì dà sí i lẹ́sẹ̀.

Alágẹmọ jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ẹni tí kò lè gbé ẹ̀kọ dé ẹnu, báwo ló ṣe fẹ́ gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń ro aró, èyí tó gùn jù ú lọ, tí apá méjèèjì ń gbé tipátipá? Ó rántí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ọ̀kẹ́rẹ́ tún yọjú. Ojú kò tilẹ̀ tì í. Ó ní, "Ó dáa, mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Má fi apá yẹn ṣe nǹkan kan mọ́ rárá. Má tilẹ̀ jẹ́ kó mì."

Ni Alágẹmọ bá fi ọ̀já di apá ọ̀tún mọ́ àyà. Kò gbé e, kò nà án, kò ká a. Ó lọ dùbúlẹ̀. Òwúrọ̀ ń di ọ̀sán, ọ̀sán ń di alẹ́, kò sẹ́ni tó ro aró. Ní ọjọ́ kẹta, ariwo híhó rẹ̀ rọlẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìfóòfó ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Alágẹmọ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ẹní tó wà.

Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, Agbe wá wo aṣọ rẹ̀. Ó bá mẹ́sàn-án lórí okùn, ó bá mọ́kànlá nílẹ̀, ó sì bá Ìyá Aláró tó di apá mọ́ra bí ẹni ń gbé ọmọ tí kò sí.

"Yéè, Ìyá Aláró! Kí ló dé?"

Omi ló kún ojú Alágẹmọ. Agbe ò béèrè aṣọ mọ́. Ó yí padà, ó fò lọ sí ìdí igi kan lẹ́yìn ilé, ó lọ pe Ìgbín.

Ìgbín ló dàgbà jù ní gbogbo àdúgbò náà. Òun àti ìyá Alágẹmọ ni wọ́n jọ ṣe ọmọdé. Òun ló máa ń gun etí ìkòkò láyé àtijọ́, tó máa ń tọ́ aró wò bóyá ó ti kan. Láti ìdí igi dé àgbàlá kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, àmọ́ oòrùn ti wà lókè tán kí Ìgbín tó dé. Ó dé ṣá.

"Alágẹmọ, ọmọ mi, wọ́n ní apá ń dùn ọ́. Tú ọ̀já yẹn kí n wò ó."

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́ẹ̀ jábọ́ látorí ẹ̀ka. "Ẹ wá wo nǹkan o! Ẹni tí kò lápá ló fẹ́ wo apá!"

Ìgbín ò gbójú sókè. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ, n ò lápá. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹrù. Ta ló ń gbé ilé rẹ̀ kiri nínú gbogbo yín? Sọ̀kalẹ̀ wá gbé tèmi wò." Ọ̀kẹ́rẹ́ ò sọ̀kalẹ̀ o.

Ìgbín rọra gun apá Alágẹmọ. Ó fi ìwo kan orí ọwọ́, kò dùn ún. Ó fi kan àárín apá, kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó fi kan egungun gọngọ yẹn, ni Alágẹmọ bá fò sókè.

"Ibẹ̀ ni," ni Ìgbín wí. "Ọmọ mi, kí lo fi ń fún aṣọ?"

"Ọwọ́ ni, Màmá."

"Ó dára. Tí wọ́n bá so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, ta ló ń sáré kiri?"

"Ewúrẹ́ ni."

"Ibo ni okùn ti ń ya?"

Alágẹmọ ronú díẹ̀. "Ní ìdí èèkàn ni."

"Ọwọ́ rẹ ni ewúrẹ́ yẹn, ìgúnpá ni èèkàn. Iṣan tó ń gbé ọwọ́ rẹ sókè, tó ń jẹ́ kó o lè di nǹkan mú, orí egungun yìí ni wọ́n so ó mọ́. Ọwọ́ lo rò pé ò ń lò, ìgúnpá lò ń fà. O fà á láàárọ̀, o fà á lọ́sàn-án, o kò jẹ́ kó sinmi, kò ráyè tún ara rẹ̀ ṣe. Okùn náà ò já. Ó ti ya fọ́nrán-fọ́nrán ni."

"Ṣé yóò san, Màmá?"

"Yóò san."

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò tíì sí ẹni tó sọ fún un láti ìgbà tí ìyà náà ti bẹ̀rẹ̀. Alágẹmọ tún bú sẹ́kún, àmọ́ ẹkún tọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Agbe fi ìyẹ́ nù ún lójú.

Ìgbín ní, "Yóò san, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí, kì í ṣe lọ́la. A máa tó gbin iṣu báyìí. Tí a bá jẹ iṣu náà tuntun, wàá fi apá yìí gún un."

Alágẹmọ ní, "Èé ṣe tí kò fi san nígbà tí mo dì í mọ́ àyà? Mo sinmi ṣáá! Nígbà tí mo ń fún un, wọ́n ní kí n túbọ̀ fún un. Nígbà tí kò gbọ́, wọ́n ní kí n má mì í."

"Ta ni 'wọ́n' yẹn?" Ìgbín wo òkè. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ìrù bojú. "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́ ni mo gbọ́, n ò gbọ́ ọ rí pé iṣẹ́ loògùn ìgúnpá. Gbọ́, ọmọ mi. Ìsinmi dára. Iṣẹ́ tó ń dùn ọ́ yẹn, o ní láti fi í sílẹ̀ ná. Àmọ́ apá tí a bá dì pa, ńṣe ló ń gbàgbé agbára rẹ̀. Wo ilé tí mo rù yìí. Nígbà tí wọ́n bí mi, ilé mi ò ju èékánná lọ. Bí mo ṣe ń dàgbà ni ilé ń dàgbà. Ká ní ọjọ́ ìbí mi ni wọ́n gbé ti òní rù mí, ǹ bá ti fọ́. Ká ní n ò sì ru nǹkan kan rí, mi ò lè ru èyí. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹrù fi ń di ara ẹni."

Ó wá kọ́ ọ. "Ki aṣọ bọ omi lílọ́wọ́, kó o máa fi lé e. Á tù ọ́ lára. Ìtura ni o, kì í ṣe ìwòsàn. Ìwòsàn nìyí. Na ọwọ́ síwájú. Dá a padà. Rọra! Tún nà án. Wá gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn."

Alágẹmọ gbìyànjú rẹ̀. Apá náà gbọ̀n. Ó dùn ún, àmọ́ kò dùn ún bíi tàná.

"Ó ń dùn mí, Màmá."

"Tó bá dùn ọ́ díẹ̀, tó sì lọ kó o tó sùn, kò burú, máa bá a lọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tó ṣì ń dùn ọ́, o ti ṣe é jù, dín in kù. Òfìfo ọwọ́ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, mú ewé kan dání. Lẹ́yìn ewé, èso ìyeyè kan. Lẹ́yìn ìyeyè kan, méjì. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé ọ."

Inú Alágẹmọ dùn. Lójijì ló rántí. Ó dìde fùú. "Aró ńkọ́? Ọ̀la ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án! Mo lè fi òfìfo ọwọ́ ṣeré títí di ìgbà iṣu tuntun, aró ò lè dúró dè mí!"

Agbe ní, "Ìyá Aláró, ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Rárá o! Ọwọ́ ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ kàn án. Ìyá mi..."

"Ìyá rẹ sọ ọ́ lójú ta ni?" ni Ìgbín bi í. Ó tún bi í pé, "Nígbà tí ìyá rẹ darúgbó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ta ló ń ro aró fún un?"

"Èmi ni."

"Ìyá rẹ ṣì wà láàyè nígbà yẹn, àbí kò sí?"

"Ó wà."

"Ọwọ́ ẹlòmíràn nìyẹn. Ìwọ ni ẹlòmíràn náà. Ṣé aró kú? Ọwọ́ kan ò gbégbá dórí, Alágẹmọ. Ìyá rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ohun tó ní kó má kú ni aró. Kò ní kí ìwọ kú tì í."

Alágẹmọ wo ìkòkò náà. Kò hó mọ́ rárá. Ìfóòfó tó kù lójú rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó wo Agbe. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ọmọ náà ti bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó sì fi í ṣẹ̀sín. Ojú tì í.

Ó ní, "Agbe, ọmọ mi, jọ̀ọ́, má bínú. Wá bá mi rò ó."

Agbe sáré dé ìdí ìkòkò. Ó fẹ́ gbé ọ̀pá, kò ṣe é gbé. Ẹyẹ ṣáà ni, kò ní ọwọ́ tó lè fi dì í mú. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ki ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì bọ inú aró títí dé èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

"Ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀!" ni Alágẹmọ ń ké. "Elú ti sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Yí i sí ọ̀tún. Rọra, má ta á dànù! Bẹ́ẹ̀ ni. Tún yí i. Áà, ọmọ dáadáa!"

Agbe rò ó, rò ó, títí òógùn àti aró fi bò ó. Nígbà tó yá, nǹkan kan dún "pọ́" nísàlẹ̀ ìkòkò. Òmíràn tún dún. Ìfóòfó yọ lójú aró, ó tàn dé etí. Ìgbín gun ìkòkò, ó tọ́ ọ wò, ó sì mi orí.

"Ó wà láàyè," ló wí.

Alágẹmọ gbàgbé pé apá ń dun òun. Ó fẹ́ pàtẹ́wọ́, Ìgbín sì kígbe mọ́ ọn pé kó rọra.

Ìgbà náà ni Agbe tó wo ara rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ funfun tẹ́lẹ̀, ṣebí mo ti sọ fún yín? Ó ti di aró. Ó ti dú, ó ń dán, kò sí aṣọ kan lórí okùn tó dú tó o. Ó sáré lọ sódò, ó fọ̀ ọ́, kò ṣí. Ó tún fọ̀ ọ́, ńṣe ló ń dán sí i.

"Ó pa mí láró!" ni Agbe kígbe. Alágẹmọ rò pé ẹkún ló máa sun. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jó. "Ẹ kó kíjìpá mọ́kànlá yẹn sílẹ̀ o, Ìyá Aláró! Kí ni mo tún fẹ́ fi aṣọ ṣe?"

Bí Agbe ṣe lọ sí ilé ọkọ nìyẹn, aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ lára. Ẹni tó rí i lókèèrè rò pé òjò ló ṣú. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ayé ti ń wí pé Agbe ló laró. Òótọ́ ni, òun ló ń rò ó.

Ó kù Alágẹmọ. Lójoojúmọ́ ló ń na ọwọ́, tó ń dá a padà, tó tún ń nà án, tó wá ń gbé e kalẹ̀. Ó fi òfìfo ọwọ́ ṣe é. Ó fi ewé ṣe é. Ó fi èso ìyeyè kan ṣe é. Tó bá tilẹ̀ ń rìn, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, nítorí ọwọ́ náà ló fi ń rìn. Ọ̀kẹ́rẹ́ á máa ké látòkè pé, "Alágẹmọ, ta ló ń kọrin tó ò ń jó sí?" Alágẹmọ á dá a lóhùn pé, "Ìgúnpá mi ló ń kọ ọ́. Ṣé o fẹ́ gbè é?"

Ẹ má rò pé ọ̀nà náà tẹ́jú o. Nígbà tí ewé iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í fà, Alágẹmọ rí i pé òun ò ní ìrora kankan mọ́. Ló bá yọ́ lọ, ó ki odindi kíjìpá bọ aró, ó sì fún un bíi ti àtijọ́. Lọ́jọ́ kejì, igbá ẹ̀kọ tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó lọ bá Ìgbín tẹkúntẹkún.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?" ni Ìgbín wí. Kò bá a jà jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Kò bàjẹ́. O kàn fo ìgbésẹ̀ ni. Padà sórí èso ìyeyè kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó padà sórí ìyeyè kan. Ó dé méjì. Ó dé mẹ́rin. Ó dé orí aṣọ kékeré tútù. Agbe ń wá láràárọ̀ wá ro aró, àwọn méjèèjì á sì jọ máa ṣàwàdà títí oòrùn á fi mú. Alágẹmọ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àgbàlá òun lè dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí iṣu tuntun dé, Alágẹmọ wọ inú ilé, ó mú ìró ìyá rẹ̀ jáde. Aró rẹ̀ ti ṣí. Láti ìgbà tí ìyá náà ti lọ ni Alágẹmọ ti fẹ́ tún un pa láró, àmọ́ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ò jẹ́ kó ráyè.

Ó ki ìró náà bọ ìkòkò. Ó fà á jáde. Kò na apá gbọọrọ mọ́. Ó sún mọ́ aṣọ náà, ó ká ìgúnpá díẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ó fi ìró náà kọ́ igi ìyeyè, kí igi lè bá a di ìdajì ẹrù rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó dá a padà, ó tún nà án, ó sì di etí kan mú. Ọ̀kẹ́rẹ́ na ọrùn látòkè.

Alágẹmọ dúró. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Agbe," ló wí, "bá mi di etí kejì mú."

Àwọn méjèèjì rọra lọ́ ọ. Omi aró ń kán, ó ń kán, títí èyí tó kẹ́yìn fi kán sílẹ̀. Alágẹmọ fọwọ́ kan egungun gọngọ yẹn. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò dùn ún. Ló bá bu ẹ̀kọ kún igbá, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e, ó sì mu ún tán láìjẹ́ kó kán sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló fi apá yẹn gún iṣu tuntun, Ìgbín ló sì kọ́kọ́ bù fún.

Láti ọjọ́ náà ni Alágẹmọ kì í ti í sáré mọ́. Láti ọjọ́ náà ni onírúurú aró tó ti wọ̀ ọ́ lára ti ń yí padà lára rẹ̀, nítorí ẹni tó bá pẹ́ nídìí ìkòkò yóò gba àwọ̀ ìkòkò. Láti ọjọ́ náà náà ló ti ń na ọwọ́, tó ń dá a padà, tó tún ń nà án, kó tó wá gbé e lélẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá tún rí i lórí ẹ̀ka, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín mọ́. Kò gbàgbé ibi tó ń lọ. Apá rẹ̀ ló ń tọ́jú, kó lè bá a débẹ̀.